Ọ̀bẹ Méjì àti Ọwọ́ Òsì Bàbá

Nígbà tí Bàbá wa ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú kan gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn. Inú àpò bùbá ló wà, ibi tó máa ń wà láti ìgbà tí àwa ọmọ ti gbọ́njú. Ọ̀bẹ náà kò lórúkọ. Igi ni èèkù rẹ̀, igi náà ti là, Bàbá sì ti fi téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò wé e yíká. Òun ni wọ́n fi bó wáyà fún nǹkan bí 40 ọdún ní Dùgbẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń bó ọsàn, òun ni wọ́n fi ń ha èèpo orógbó. Òṣìṣẹ́ náà jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ oníke, ó ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí Bàbá dé Houston níbí, tí wọ́n jẹun tán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ní láárí tí wọ́n bá wa sọ ni pé, "Ẹ bá mi wá ọ̀bẹ o."

A ní kò sí wàhálà. A fi falẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ dé, ó sì mú ọwọ́ ọ̀tún.

Kó má baà dà bíi pé ìtàn àìsàn la fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká tètè wí: Bàbá ti ń rìn, ọ̀rọ̀ wọn já gaara, wọ́n ti ń bá Ìyá wa jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù. Wọn kì í sọ pé ó rọ. "Ọwọ́ mi ń sùn" ni wọ́n máa ń wí. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àwa ọmọ mẹ́ta la jókòó lé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yìí lórí. Ẹnìkan ló ń tẹ àròkọ náà, àmọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ jà sí i, torí náà "a" la ó máa lò. Méjì nínú wa ń kọ kóòdù jẹun. Ẹ mọ irú wa: ká tó ra ṣájà fóònù, a ó ti ka ogún àyẹ̀wò, a ó sì ti tò wọ́n sínú Excel. Ẹ̀kẹta wa ń ṣe nọ́ọ̀sì, òun ni kì í jẹ́ kí orí wa dàrú.

Ọ̀bẹ tí à ń wá ni èyí tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, tó ṣe é fi sápò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ku méjì: Sebenza ńlá ti iléeṣẹ́ Chris Reeve, àti Para Military 2 ti Spyderco. Ẹlẹgbẹ́ wa kan níbi iṣẹ́ tó ń kó ọ̀bẹ jọ yá wa ní Sebenza fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èkejì, a rà á. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì: Boise ní ìpínlẹ̀ Idaho ni ti àkọ́kọ́, Golden ní Colorado ni ti èkejì. Kò sí jágbajàgba nínú wọn. Ẹni tó bá fún ẹ ní èyíkéyìí nínú wọn ti ṣe ẹ́ lóore, ìdí nìyẹn tí yíyan fi ṣòro. Bí ọ̀kan bá burú, ṣebí à bá ti sùn.

Sebenza ni ojú wa kọ́kọ́ fẹ́. Ọmọ South Africa ni Chris Reeve tó ṣe é. Ní 1989 ló kó wá sí Amẹ́ríkà, nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó gbé ọ̀bẹ yìí jáde, ó sì fi èdè Zulu sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ ni orúkọ náà túmọ̀ sí, pé kéèyàn ṣiṣẹ́. Orúkọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á fún wa ká tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀bẹ tí wọ́n ń ṣe ní Idaho lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, tó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí a fẹ́ gbé fún bàbá tó fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ tọ́ wa! Ọ̀kan nínú wa ti ń ronú ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe orúkọ lásán. Yorùbá ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Lójú tiwa, ọ̀bẹ kíká ni òwe yẹn bá wí jù, torí èèkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ kíká tó dáa ló ní ìtì, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ ká mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nígbà tó bá ń gé nǹkan. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, irin pẹlẹbẹ tín-ínrín kan ni wọ́n máa ń fi sínú èèkù, òun ni yóò fò wá sẹ́yìn ojú ọ̀bẹ tó bá ti là tán. Ohun tí Reeve ṣe ni pé ó sọ èèkù fúnra rẹ̀ di ìtì. Titanium ni ẹ̀gbẹ́ èèkù. Ó là á ní gígùn, apá tó là náà wá di bíi spríǹgì. Tí o bá ṣí ọ̀bẹ, apá èèkù yẹn á rọra wọlé, á jókòó ti ìdí irin. Bí o bá ṣe dì í mú tó ni ìtì ṣe ń le tó. Ọ̀bẹ kò wó ilé mọ́, ilé ló ń dá ọ̀bẹ dúró. Lónìí, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀bẹ kíká gidi ló ń lo irú ìtì yìí.

Ojú ọ̀bẹ náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9. Ó ń yí jáde láìdún, bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ olówó ńlá. A mì í títí bóyá a ó gbọ́ kí nǹkan kan ta nínú rẹ̀, kò ta. Wọ́n máa ń fi irin kékeré tí a fi ń tú skúrù mọ́ ọn nínú páálí, torí iléeṣẹ́ náà fẹ́ kó o lè tú u, kó o nù ún, kó o sì dè é padà fúnra ẹ. Àwa tí a ti bá fóònù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa jà rí, tí a sì ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí kò sẹ́ni tó lè rí inú rẹ̀, ìyẹn wọ̀ wá lára. A tú u lórí tábìlì. A wo gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, a kò rí ẹyọ kan tí a lè ní kí wọ́n yọ. Kóòdù tó bá rí báyìí, a kì í fọwọ́ kàn án.

Para Military 2, ká sòótọ́, kò rẹwà. Ẹ̀yìn ojú ọ̀bẹ náà ga sókè bí iké ràkúnmí, ihò róbótó ńlá kan sì wà nínú iké náà. G10 ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun, tí wọ́n fi oje kẹ́míkà tẹ̀ pọ̀ títí tó fi le bí òkúta. Ó ń ha ọwọ́ bíi sáńpépà. Ti orúkọ ńkọ́? Ọ̀bẹ ọsàn, kí ló fẹ́ fi orúkọ àwọn ológun ṣe? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, a ò mọ ilé tí àwọn yẹn wò. Ìyá wa ní ká má pe orúkọ náà nínú ilé òun mọ́.

Àmọ́ ẹ wo ihò yẹn dáadáa. Ní 1981, Sal Glesser tó dá Spyderco sílẹ̀ gbé ọ̀bẹ kíká àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Ihò róbótó wà lójú rẹ̀, kíìlípì tí a fi ń fi í kọ́ ẹnu àpò sì wà lára èèkù. Ṣé ẹ mọ orúkọ ọ̀bẹ náà? Worker. Òṣìṣẹ́! A rẹ́rìn-ín nígbà tí a rí i: ọ̀kan ń jẹ́ iṣẹ́, baba ńlá èkejì ń jẹ́ òṣìṣẹ́, bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́. Iṣẹ́ tí ihò náà ń ṣe ni pé àtàńpàkò á rì wọ inú rẹ̀ díẹ̀, ẹran àtàńpàkò á di etí ihò mú, á sì ti ojú ọ̀bẹ jáde. Kò fẹ́ èékánná, kò fẹ́ ọwọ́ kejì. Ihò kò sì ní ọ̀tún tàbí òsì. Ibi tó wù kó o gbà dé ibẹ̀, ihò kan náà lo máa bá.

Ní ti irin, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ọ̀bẹ ti máa ń jà jù, ìjà wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ẹni tó fẹ́ jẹ ọsàn. Ẹyọ kan la ó sọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, CPM S30V ni irin tí wọ́n fi ń ṣe Para Military 2. Iléeṣẹ́ Crucible ló gbé irin náà jáde ní nǹkan bí 2001: wọ́n á fọ́n irin yíyọ́ títí á fi di lẹ́búlẹ́bú, wọ́n á wá fi ooru àti agbára tẹ lẹ́búlẹ́bú náà padà di odindi irin. Chris Reeve wà lára àwọn tó bá wọn dá sí bí irin yẹn ṣe máa rí. Ẹ ò rí nǹkan? Ọwọ́ ẹni tó ṣe Sebenza wà nínú ojú ọ̀bẹ kejì. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé irin lòun fi yàn, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ìgbà tí a gbé méjèèjì bọ́ sí ọwọ́ òsì ni ọ̀rọ̀ yí padà.

A ní kí a fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ bẹ́líìtì, kí a má lò ó rárá. Ọwọ́ òsì nìkan la ó fi ṣí ọ̀bẹ, òun la ó fi gé nǹkan, òun la ó fi pa á dé. Ogún ìgbà fún ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ kékeré inú ilé rò pé eré la ń ṣe, àwa náà rò bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Sebenza là. Kò rọrùn tó ti ọ̀tún, ó là ṣá. Pípa á dé ni ìjàngbọ̀n. Apá èèkù tó di ìtì yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbẹ́ tí àtàńpàkò ọ̀tún ti lè dé ibẹ̀ kó sì tì í. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni, àtàńpàkò á bọ́ sí òdìkejì. Ìka tó tẹ̀lé e lo máa fi tì í, o sì máa ká ìka náà wá síwájú, sínú yàrá tí ojú ọ̀bẹ fẹ́ padà wọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ìka wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú ọ̀bẹ ń bọ̀ wálé, ọwọ́ kejì kò sí níbẹ̀ láti dá a dúró. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni. Àmọ́ Bàbá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Nọ́ọ̀sì wa gba ọ̀bẹ, kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò wá. Ẹ mọ irú wíwò yẹn.

Ká má parọ́ mọ́ ọ̀bẹ ọlọ́bẹ. Ọwọ́ ọ̀tún gan-an, àtàńpàkò rẹ̀ wà lójú ọ̀nà nígbà tó bá ń ti ìtì Sebenza, ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ojú ọ̀bẹ tó wọlé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pé kì í ṣàkíyèsí, torí ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n lára, àwa náà kò ṣàkíyèsí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan tí a fi ń yìn ín.

Ìtì Para Military 2 kò sí ní ibi tí ojú ọ̀bẹ ń gbà wọlé rárá. Ẹ̀yìn èèkù ló wà. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni, ó yọrí díẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á fi ìka fà á, ọwọ́ òsì á fi àtàńpàkò tì í. Àwọn ìka yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù, kò sí èyí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tí ìtì bá ti yẹ̀, ojú ọ̀bẹ á já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, á wọlé. Ogún ìgbà, kò sẹ́ni tó farapa. Kì í ṣe pé ó pé o. Irin ìtì náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òsì á sì ta kókó díẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ títa kókó yẹn, ohun tí èèyàn ń kọ́ tó sì ń mọ̀ ni, kò gé ẹnikẹ́ni níka.

Àwa oníkóòdù mọ ẹ̀ṣẹ̀ Sebenza yìí dáadáa, torí à ń dá a lójoojúmọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ohun tí o kò bi ẹni tó fẹ́ lò ó, tí o ti bá a yàn sílẹ̀ ni. O kọ fọ́ọ̀mù, o ní orúkọ kò gbọdọ̀ ní àmì lókè tàbí nísàlẹ̀, bí Ṣọlá ṣe di Sola nínú gbogbo ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ náà nìyẹn. O kò kórìíra Ṣọlá. O kò rántí rẹ̀ ni. Sebenza rántí nǹkan púpọ̀: ó rántí ìpáàrà, ó rántí eruku, ó rántí pé o lè fẹ́ tú u lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ tó máa dì í mú nìkan ló rò pé òun ti mọ̀.

Ẹ ó ní, ṣebí wọ́n ń ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni, iléeṣẹ́ méjèèjì ló ń ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wa ọkùnrin, tó fẹ́ràn Sebenza dé ibi pé ó ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ní ká san owó, ká béèrè ti òsì, ọ̀rọ̀ parí. Ó lé ní 400 dọ́là, èkejì sì tó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. A lè dá owó náà láàárín ara wa, kì í ṣe owó ló dá wa dúró.

Nọ́ọ̀sì wa ló sọ ọ́. Ó ní, "Tí ẹ bá ra ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ òsì fún Bàbá, kí lẹ sọ fún wọn yẹn?"

A dákẹ́.

Ẹ rántí pé ọwọ́ Bàbá ń sùn ni. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, físíò máa ń wá, á máa na ìka ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá á máa kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Lóṣù tó kọjá, ọmọńdinrín mì. Wọ́n pe gbogbo ilé wá wò ó. Ẹni tó ń kà báyìí, tó ń retí báyìí, ṣé irin tí wọ́n ti gé láti iléeṣẹ́ fún ọwọ́ òsì la fẹ́ gbé fún un? Irin tí ọ̀tún kò ní lè lò dáadáa tó bá jí? Dókítà gan-an kò tíì sọ ohun tí ọ̀bẹ yẹn máa sọ.

Ẹ sì mọ ohun tí ọwọ́ òsì jẹ́ nílé wa. A kì í nà án sí àgbà. A kì í fi gbowó. Ọ̀kan nínú wa tí wọ́n bí ní ọlọ́wọ́ òsì, Bàbá fúnra wọn ló gbá a lọ́wọ́ kúrò nínú àwo títí tó fi yí padà. Ní ẹni ọdún 71, wọ́n wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa fi ọwọ́ yẹn kan náà mú ṣíbí. Wọ́n ń ṣe é, wọn ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Tí àlejò bá wà, wọn kì í jẹun.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn la rí ohun tí ihò róbótó yẹn ṣe. Kò béèrè ọwọ́ tí o ní. Ọ̀bẹ tí òsì ń lò lónìí, òun náà ni ọ̀tún máa lò lọ́la, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa tún rà. Kíìlípì rẹ̀ ní ibi mẹ́rin tí a lè dè é mọ́, méjì fún àpò ọ̀tún, méjì fún ti òsì. Tí a bá ń gbé iṣẹ́ ọnà yẹ̀ wò, èyí tó ti pinnu ohun gbogbo pátápátá la sábà máa ń yìn, èyí tí kò sí ohun tí a lè yọ níbẹ̀. Àwa náà ti yìn ín lókè, a ò sì kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí oníṣẹ́ ọnà fi sílẹ̀ láìpinnu náà jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó lu ihò yẹn fi ibì kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ̀.

Àbúrò wa kò gbà. Ọ̀rọ̀ tó sọ sì wọ̀ wá lára débi pé a kò lè fi í sílẹ̀ níbí. Ó ní, "Gbogbo ohun tí ẹ ń gbé fún Bàbá báyìí ló rí bíi ti ilé ìwòsàn. Ọ̀pá ìtìlẹ̀, àga inú balùwẹ̀, ṣíbí tí ọrùn rẹ̀ wú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní nǹkan kan ṣoṣo tó rẹwà, ẹ jọ̀ọ́." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹwà kì í ṣe ohun tí a yọ kúrò lára èèyàn nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá.

Èsì tí a padà rí kò tóbi tó ìbéèrè rẹ̀, àmọ́ ó tó wa. Wọn kò ṣe Para Military 2 fún aláìsàn. Fún ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe é, ó kàn jẹ́ pé wọn kò lé Bàbá síta. Orúkọ tí a ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà wá wúlò lójijì: ọ̀bẹ tó ń jẹ́ orúkọ àwọn ológun, kò sẹ́ni tó máa wò ó kó ní ọ̀bẹ olókùnrùn nìyí. Ìyá wa, tó ti ní ká má fún ọkọ òun ní ohun mímú kankan rárá, gbọ́ èyí, ó pòṣé, ó wọlé lọ. A gbà pé ó ti fàyè gbà á.

Ọjọ́ Àìkú kan, a kó méjèèjì síwájú Bàbá. A ti kan ìṣó méjì mọ́ pátákó, orí wọn yọ sókè, kí ọsàn lè jókòó sórí wọn láìyí. Wọ́n kọ́kọ́ gbé Sebenza. Wọ́n jù ú díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ òsì bí ẹni ń wọn nǹkan. Wọ́n ṣí i. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan etí àga, wọ́n tẹ́tí sí i. "Irin rèé," ni wọ́n wí. Wọ́n béèrè iye rẹ̀. A pín owó náà sí mẹ́rin ká tó dáhùn, síbẹ̀ wọ́n pariwo. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á dé, nọ́ọ̀sì wa na ọwọ́, ó gbà á jẹ́jẹ́, ó ní àwọn kan fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Wọ́n mú èkejì. Àtàńpàkò òsì wá ihò, ó yọ̀, ó tún wá a. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó wọlé, ojú ọ̀bẹ yí jáde, ó sì dún kọ́! "Ta ló lu ihò yìí?" A sọ fún wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n bó ọsàn náà lórí ìṣó, èèpo rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n nu ojú ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà gbogbo, wọ́n ti ìtì, ojú ọ̀bẹ wọlé.

Wọ́n yí èèkù náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ de kíìlípì mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ihò skúrù ti ọ̀tún ńkọ́?"

A fi hàn wọ́n. Ihò mẹ́ta kéékèèké. Wọ́n fi àtàńpàkò nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ díẹ̀.

"Irin tí ẹ fi tú u," ni wọ́n wí, "ẹ má jẹ́ kó sọnù o. Ẹ gbé e síbi tí ojú mi á ti máa tó o."

Àbúrò wa ló lọ dá Sebenza padà fún ẹni tó ni ín. Ó pẹ́ kó tó dé. Irin náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá, láàárín ike oògùn àti gíláàsì ojú wọn. Ìyá wa ti fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.